Sọ ohun tó máa jáde kí o tó tẹ Enter

Ìdánwò JavaScript, èdè tí a fi ń kọ kóòdù ojúlé wẹ́ẹ̀bù, tí mo máa ń fún àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Agbowó kò ju ojú ìwé kan lọ. Bírò la fi ń ṣe é. Láptọ̀ọ̀pù á wà ní pípadé, fóònù á sì wà lórí tábìlì mi títí wọn yóò fi kọ ọ́ tán. Ohun kan náà ni mo ń bi wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀: kóòdù rèé, kí ló máa jáde, kí ló sì dé tó fi máa jáde bẹ́ẹ̀?

Àwọn òbí tó ń sanwó ẹ̀kọ́ máa ń pè mí pé, "Àǹtí, ṣé ọmọ wa ti mọ̀ ọ́n báyìí?" Ẹ̀tọ́ wọn ni. Owó tí wọ́n ń san kì í ṣe owó kékeré, ó sì yẹ kí n lè fún wọn ní èsì tó ṣe tààrà. Mi ò lè torí pé ọmọ náà gbé ojúlé wẹ́ẹ̀bù tó rẹwà kalẹ̀ kí n sọ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ojúlé tó rẹwà kò nira láti ṣe mọ́. Fídíò wà lórí YouTube tí wọ́n lè máa tẹ̀ lé láti ìlà dé ìlà, ChatGPT sì wà tó máa kọ gbogbo ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́. Èmi náà ń lo irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti lò ó. Ohun tí mo ń wá ni bóyá ọmọ náà lè ka kóòdù tó wà níwájú ẹ̀, kó mọ ohun tí yóò ṣe kó tó ṣe é. Ẹni tó bá mọ ìyẹn ṣe, bí iṣẹ́ oníbàárà bá dúró lójijì, á mọ ibi tí yóò wò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á máa yí ìlà kan padà tẹ̀ lé òmíràn títí tí yóò fi ṣèèṣì bọ́ sí i, bí ó bá bọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ ìdánwò tí mo ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ta ló ṣẹ̀dá JavaScript?" Brendan Eich ni, ní 1995, ní iléeṣẹ́ Netscape. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi kọ èyí àkọ́kọ́. Mocha ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di LiveScript, kí ọdún yẹn tó parí ó ti di JavaScript. Ìtàn tó dùn ni, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí kò tíì fi hàn mí pé òun lè kọ function kan, ìyẹn ìdì kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan. Ibòmíràn ni mo ti ń lò ó. `typeof` ló ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́, `null` sì dúró fún òfìfo. Bí mo bá kọ `typeof null` sílẹ̀, "null" ni ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé yóò jáde. "object" ló ń jáde, láti inú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ló sì ti wá. Nínú èyí tí Eich kọ́kọ́ kọ, nọ́ńbà kékeré kan ló ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́. Òdo ni nọ́ńbà ti object, null náà sì jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni ẹ̀rọ bá kà á mọ́ object. Wọ́n dábàá nígbà kan pé kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n jáwọ́ nítorí pé kóòdù tó ti gbára lé e lórí wẹ́ẹ̀bù máa bàjẹ́. TC39, ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú òfin èdè náà lábẹ́ Ecma, àjọ tó ń ṣètò ìlànà, kì í fẹ́ ba ojúlé tó ti wà nílẹ̀ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé mọ́, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé kì í ṣe òun ni nǹkan ò yé.

Ìbéèrè tó ṣáájú lórí ìwé náà dà bí ohun tí kò le rárá (`console.log` ló ń mú ohun tó wà nínú àkámọ́ jáde):

```
console.log("500" + 200);
console.log("500" - 200);
```

Èkíní máa mú 500200 jáde, èkejì máa mú 300 jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń gba méjèèjì. Ìdí rẹ̀ ni wọn kì í rí sọ. Àmì `+` ní iṣẹ́ méjì nínú JavaScript: ó ń ro nọ́ńbà pọ̀, ó sì ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bá ti jẹ́ string, ìyẹn ọ̀rọ̀ bí "500" tó wà láàárín àmì àyọlò, síso ló máa so wọ́n. Àmì `-` kò ní iṣẹ́ kejì, nítorí náà ó máa kọ́kọ́ sọ "500" di nọ́ńbà kó tó yọ 200 kúrò nínú rẹ̀.

Ibi tí èyí ti ń di ọ̀rọ̀ owó ni inú fọ́ọ̀mù. Ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú àpótí fọ́ọ̀mù, string ni `.value` máa gbé wá fún ẹ, ì báà jẹ́ nọ́ńbà nìkan lonítọ̀hún tẹ̀. Ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ mi ṣe ojúlé kékeré fún ìyá rẹ̀ tó ń ta gàárì àti èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, kí ìyá lè máa ro owó oníbàárà pọ̀ lórí fóònù. parseInt, function tó ń yọ nọ́ńbà jáde látinú ọ̀rọ̀, ló fi ń gba iye tí wọ́n bá tẹ̀. Ìyá tẹ 1,500, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ owó. Náírà kan ló jáde. Láti ìgbà yẹn ni mẹ́ta yìí ti wà lórí ìwé ìdánwò:

```
parseInt("1,500")
Number("1,500")
Number("")
```

Bí mo ṣe máa ń bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn ìdánwò rèé (NaN ni JavaScript fi ń sọ pé nǹkan kì í ṣe nọ́ńbà). Ọmọkùnrin kan ní, "Àǹtí, mo rò pé NaN ni gbogbo ẹ̀ máa fún wa ni."

"Ka èyí àkọ́kọ́ láti apá òsì bí parseInt ṣe ń kà á. Níbo ló máa dúró?"

"Níbi kọ́mà."

"Kí ló ti kó jọ kó tó débẹ̀?"

"Ẹyọ 1. Haà! Ẹyọ 1 náà ló máa dá padà."

Bẹ́ẹ̀ ni. parseInt máa kó nọ́ńbà tó bá rí, ó máa dúró níbi tí nọ́ńbà bá dópin, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi nǹkan sílẹ̀. `Number` le jù ú lọ: bí gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò bá ṣeé kà sí nọ́ńbà, NaN ló máa fún ẹ. Ẹ̀kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí pé òdo ló máa mú jáde. Àpótí tí oníbàárà kò kọ nǹkan kan sí á di 0, ìṣirò á máa lọ, kò sì sí àmì kankan pé nǹkan ti wọ́. NaN sàn jù bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ó máa ba gbogbo àròpọ̀ tó bá kàn jẹ́, ẹ máa rí i lójú iboju. Ẹ kàn máa rántí pé `===` ni àmì tó ń wò ó bóyá nǹkan méjì dọ́gba, àti pé `NaN === NaN` kò jẹ́ òótọ́ láé; `Number.isNaN` ni kí ẹ fi wá a.

Ọ̀rọ̀ owó yìí kan náà ló gbé `0.1 + 0.2` wá. 0.30000000000000004 ló ń jáde. Àwọn kan máa ń sọ pé àléébù JavaScript ni, bẹ́ẹ̀ Python àti Java ń ṣe é. Ìlànà IEEE 754 ni wọ́n jọ fi ń tọ́jú nọ́ńbà tó ní póìǹtì, inú bíìtì 64 ni, ìdá kan nínú mẹ́wàá kò sì ṣeé kọ tán bó bá jẹ́ 0 àti 1 nìkan la ní láti fi kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó lórí ojúlé rẹ̀ kó máa fi kọ́bọ̀ ṣírò, torí pé kọ́bọ̀ kì í ní póìǹtì. Ẹni tó bá ti lo Paystack rí mọ̀ pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn: ₦1,500 lọ́dọ̀ wọn, 150000 la máa fi ránṣẹ́.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí tó kàn:

```
function ilopo(x) {
  x * 2;
}
console.log(ilopo(4));
```

undefined, ìyẹn pé kò sí èsì. Kò sí `return`, àṣẹ tó ń dá èsì padà. Ẹni tó bá kọ 8, ohun tó fẹ́ kí kóòdù náà ṣe ló ń rí, kò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ wa pátá ló wà láàárín méjèèjì yẹn.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ lára:

```
const oja = ["iṣu", "ata"];
const eda = oja;
eda.push("epo");
console.log(oja.length);
```

Àwọn kan á ní 2, nítorí pé "epo" wà nínú eda, kò sí nínú oja. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀rọ máa kọ̀, nítorí pé `const` kì í yí padà. 3 ló máa jáde, kò sì sí ohun tó kọ̀. Array, ìyẹn àkójọ nǹkan, kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orúkọ ló jẹ́ méjì. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ nílé wa, ìyá àgbà ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, bàbá ń pè é ní Fọláṣadé. Bí ìyá àgbà bá fún Àbẹ̀kẹ́ lóúnjẹ, Fọláṣadé ti yó. Ohun tí `const` dí lọ́nà ni pé kí orúkọ náà má lọ dúró fún nǹkan mìíràn. Ẹ kọ `oja = []` síbẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ ó rí TypeError. Ohun tó wà nínú array náà kò kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà gidi, `[...oja]` ni, ìyẹn náà sì jẹ́ ti òde nìkan, bí object bá wà nínú array yẹn, àjọpín ṣì ni wọ́n. `structuredClone` ló ń wọlé dé inú.

Mo ti rí ẹni tó ti ń fi React, irinṣẹ́ JavaScript tí a fi ń kọ́ ojúlé, ṣe iṣẹ́ gba owó tí ìbéèrè yìí dá dúró. Ojúlé rẹ̀ kì í yí padà nígbà tó bá fi `push` kún array, ó ti wá ìdí rẹ̀ kiri nínú React títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ kò sí nínú React. React ń wò ó bóyá array tuntun ni, kò sì tuntun; èyí àtijọ́ náà ni, ó kàn sanra sí i ni. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìpìlẹ̀ nìyẹn: nǹkan tó bàjẹ́ lókè, ìsàlẹ̀ la ti máa ń rí àtúnṣe rẹ̀.

Kí n má gbàgbé `[5, 40, 100].sort()`. Ó ń fúnni ní 100, 40, 5, nítorí pé bí a kò bá sọ fún sort bí yóò ṣe tò ó, ó máa sọ gbogbo wọn di string, "1" sì ṣáájú "4". `sort((a, b) => a - b)` ló máa tò ó bí nọ́ńbà.

Èyí tí mo wá mú bí ẹyin lórí ìwé náà nìyí (`setTimeout` ló ń ní kí function kan dúró ná kó tó ṣiṣẹ́, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó):

```
for (var i = 0; i < 3; i++) {
  setTimeout(() => console.log(i), 100);
}
```

3, 3, 3 ló ń jáde. Mo fẹ́ sọ nípa ìdáhùn méjì tí mo gbà sí i lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ kan kọ 3, 3, 3. Mo ní kó ṣàlàyé, ó ní òun ti rí i lórí TikTok, pé ìbéèrè interview ni. Ọmọ kejì kọ 2, 2, 2. Àlàyé tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé `i` ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo function mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò, pé àkókò díẹ̀ á ti kọjá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, ìyípo á ti parí, gbogbo wọn á sì rí iye tí `i` ní kẹ́yìn. Èyí kejì ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù. Ohun kan péré ló fò ó: kí ìyípo tó lè dúró, `i` gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di 3 kí `i < 3` tó di irọ́. Mo fi ìka tọ́ ọ sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ti ọmọ àkọ́kọ́, mo pa `var` rẹ́, mo kọ `let` sí i, mo bi í pé kí ló máa jáde báyìí. Kò rí nǹkan sọ.

0, 1, 2 ni. Láti ES2015, ẹ̀dà JavaScript ti ọdún 2015, tí `let` ti wọlé, ìyípo kọ̀ọ̀kan ní `i` tirẹ̀, function kọ̀ọ̀kan sì ń gbé èyí tó bí i dání lọ. Ti `var` jẹ́ ti gbogbo function tó wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan fún gbogbo ìyípo. Ẹni tí èyí bá yé ti mọ ohun tí closure jẹ́, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo sì máa ń ṣe sí gbogbo ìbéèrè nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá ìwé padà: mo máa ń yí ohun kan ṣoṣo padà níwájú wọn, mo tún máa ń bi wọ́n. Ẹni tó há a sórí kò lè há àtúnṣe tí òun kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Máàkì kan fún ohun tó jáde, mẹ́ta fún ìdí. Àwọn òbí kan ti bá mi jiyàn lórí ètò máàkì yìí, mi ò sì ní yí i padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ètò ta ló ṣáájú ta:

```
console.log("A");
setTimeout(() => console.log("B"), 0);
Promise.resolve().then(() => console.log("C"));
console.log("D");
```

A, D, C, B. Ohun kan ṣoṣo ni JavaScript ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó máa parí gbogbo ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ná, ìyẹn A àti D. Lẹ́yìn náà ó máa ṣe gbogbo ohun tí promise, ìyẹn ìlérí pé èsì kan ń bọ̀, fi sílẹ̀ dè é, kí ó tó yíjú sí ohun tí setTimeout fi sílẹ̀. Òdo tó wà nínú setTimeout yẹn kò túmọ̀ sí "nísinsìnyí". Ohun tó ń sọ ni pé kí B tò sórí ìlà láìdúró de àkókò kankan, ó sì gbọ́dọ̀ tò. Ẹni tó bá kọ A, B, C, D ń ka kóòdù bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ẹni tó bá kọ A, D, B, C ti mọ̀ pé àwọn kan ń dúró, kò tíì mọ̀ pé ìlà ìdúró ju ẹyọ kan lọ. Ìgbésẹ̀ ńlá ló wà láàárín àwọn méjèèjì, mo sì máa ń yìn ẹni kejì dáadáa.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn lórí ìwé mi, mi ò tíì rí i lórí ìdánwò ẹlòmíràn:

```
console.log("ẹ̀kọ́".length);
```

Bàbá kan ló jẹ́ kó débẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì wà lára àwọn tí mo ń kọ́. "Olùkọ́ mi" ni wọ́n ń pè mí, kò sì sí bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n tó kí wọ́n yéé pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kó orúkọ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn jọ sórí ojúlé kan kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní London lè máa wá orúkọ níbẹ̀. Wọ́n tẹ gbogbo orúkọ náà lórí láptọ̀ọ̀pù. Nígbà tí wọ́n wá fi fóònù wá "Ọlá", ojúlé ní kò sí. Orúkọ náà wà níbẹ̀, a jọ ń wò ó.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká mú `.length` méjèèjì jáde. Èyí tó ti inú láptọ̀ọ̀pù wá jẹ́ 3, èyí tó ti inú fóònù wá jẹ́ 5. Kíbọ́ọ̀dù kan fi Ọ ránṣẹ́ ní ẹyọ kan, á ní ẹyọ kan. Èkejì fi O ránṣẹ́, ó fi àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó fi a ránṣẹ́, ó fi àmì ohùn tẹ̀ lé e. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, `===` mọ̀ ọ́n. Ojútùú rẹ̀ kò gùn (NFC máa ń pa lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe):

```
a.normalize("NFC") === b.normalize("NFC")
```

Bàbá bi mí pé, tí ẹ bá wá ṣe ti NFC yẹn tán, ṣé "ẹ̀kọ́" máa wá jẹ́ 3? Rárá o, 5 ni. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ, ní ẹyọ fún ẹ, ó ní ẹyọ fún è, kò ní ẹyọ fún ẹ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Nítorí náà ẹ̀ jẹ́ méjì, k jẹ́ ọ̀kan, ọ́ jẹ́ méjì. Bí ẹ bá wá tú u ká pátápátá pẹ̀lú NFD, 7 ni. Bí ẹ bá fẹ́ kà á bí ojú ṣe ń kà á, `Intl.Segmenter` ló máa fún yín ní 3. Inú wọn dùn sí Segmenter yìí. Wọ́n gbé "àgbà" sí i, ó fún wọn ní 4, ojú wọn yí padà.

"Mẹ́ta ni," wọ́n ní. "À, gb, à. Lẹ́tà kan ni gb. Lẹ́tà 25 la ní nínú álífábẹ́ẹ̀tì, gb wà lára wọn. Ta ló sọ fún un pé g àti b ni?"

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un."

Wọ́n jókòó, wọ́n fi `replaceAll` sọ gb di àmì kan ṣoṣo kí wọ́n tó kà á, 3 jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ṣí ibikíbi wo. Ó dá mi lójú lọ́jọ́ yẹn pé iṣẹ́ náà ti yé wọn, kí n tó fún wọn ní ìdánwò kankan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí i pé `["yàrá", "ṣíbí", "sáà"].sort()` ń gbé ṣíbí sẹ́yìn yàrá, nítorí pé nọ́ńbà tí Unicode fún ṣ tóbi ju ti y lọ. `localeCompare(b, "yo")` ló tò ó bó ṣe yẹ. Ó wù mí kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ JavaScript mọ èyí kí wọ́n tó mọ framework kankan, ìyẹn irinṣẹ́ bíi React. Àwa la máa kọ ojúlé tí orúkọ wa yóò wà lórí rẹ̀, bí a kò bá sì mọ̀ ọ́n, orúkọ wa náà ni ẹ̀rọ máa sọ pé kò sí.

Ẹ̀yin tó ń ṣe ìdánwò fún ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ irú `[] == ![]` kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ló máa jáde, mo lè ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n dáadáa lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òun kò mọ nǹkan kan. Ìbéèrè ìpìlẹ̀ ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́: fọ́ọ̀mù, owó, array tí ẹni méjì ń pín, nǹkan tó dé ṣáájú èyí tí wọ́n ń retí. Kí wọ́n máa fi `===` ṣe àfiwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àdììtú yẹn kò ní kàn wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò kò nílò mi. Ẹ mú kóòdù kékeré kan, tiyín ni kó jẹ́, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ yí ohun kan padà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò jáde sórí ìwé pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ tó wá jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí ohun tó jáde bá yàtọ̀, MDN, ojúlé tó ń ṣàlàyé JavaScript, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ka ojú ìwé function yẹn gan-an kí ẹ tó bi ChatGPT. Lórí kọ̀ǹpútà, F12 máa ṣí DevTools nínú Chrome, inú rẹ̀ ni console, ibi tí ẹ ti lè tẹ kóòdù, wà. Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé fóònù Android nìkan lẹ fi ń kọ́ ọ, ẹ gba Termux, áàpù tí a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ kọ `pkg install nodejs` kí ẹ lè ní Node tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́ níta Chrome, ó tó lò fún gbogbo ìbéèrè tí mo kọ sókè yìí. Ẹ kàn ṣọ́ra pẹ̀lú ti A, B, C, D: inú fáìlì kan ni kí ẹ kọ ọ́ sí, bí àpẹẹrẹ idanwo.js, kí ẹ wá fi `node idanwo.js` ṣí i. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú node ní ìlà kọ̀ọ̀kan, B á ti jáde kí ẹ tó tẹ ìlà C tán, torí pé gbogbo Enter tí ẹ bá tẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tó ń parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.